Àyẹ̀wò Ojú Yàtọ̀, Gíláàsì Yàtọ̀

Ọ̀rọ̀ tí mo bá àwọn aránṣọ, àwọn ìyá ẹlẹ́ja àti àwọn ará àdúgbò wa sọ ní Ẹ̀pẹ́ nìyí. Àwọn tí kò ráyè wá ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún àwọn.

Ẹ káàárọ̀ o, ẹ̀yin ìyá mi, ẹ̀yin bàbá mi, ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi. Ẹ kú ìkàlẹ̀. Mo mọ̀ pé ẹja ń retí àwọn kan nínú yín lọ́jà, aṣọ oníbàárà sì wà lórí ẹ̀rọ àwọn mìíràn, nítorí náà mi ò ní fi ìkíni gba àkókò yín.

Láàárọ̀ yìí, kí n tó wá síbí, mo yà sí ọjà Olúwo láti ra ẹja àrọ̀. Ìyá àgbà kan fẹ́ fún mi ní ṣéńjì. Wọ́n na owó náà síwájú títí apá wọn fi gùn tán, wọ́n yí i sí oòrùn, wọ́n tún fà á sẹ́yìn, wọ́n wá ké sí ọmọ kékeré kan tó ń kọjá lọ: "Ọmọ dáadáa, bá mi wò ó, ṣé igba náírà ni àbí ẹgbẹ̀rún?" Mo ní, "Ìyá mi, ẹ jọ̀ọ́, ṣé wọ́n ti bá yín yẹ ojú wò rí?" Wọ́n ní, "Nọ́ọ̀sì, owó gíláàsì ti pọ̀ jù fún irú wa." Mo ní, "Ìyá, mi ò tíì dárúkọ gíláàsì o. Àyẹ̀wò ni mo béèrè." Wọ́n kàn ń wò mí. Lójú tiwọn, ohun kan náà ni méjèèjì.

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá nìyẹn. Àyẹ̀wò ojú yàtọ̀, gíláàsì yàtọ̀. Ọjà méjì ni wọ́n, owó méjì sì ni. Àwa máa ń kó gbogbo owó wa lé gíláàsì lórí, a ó wá ṣahun sí àyẹ̀wò. Ọdún 31 ni mo fi ṣe nọ́ọ̀sì ojú kí n tó fẹ̀yìn tì, ohun tí mo sì ń rí lójoojúmọ́ nìyẹn: ẹni tó ra fíréèmù olówó ńlá, tí kò sẹ́ni tó wo inú ẹyinjú rẹ̀ rí. Ó yẹ ká yí i padà. Ẹ náwó sórí àyẹ̀wò, kí ẹ wá ṣọ́wó ná nígbà tó bá kan fíréèmù.

Ọ̀rọ̀ yìí ká mi lára, ẹ jẹ́ kí n sọ ìdí rẹ̀. Apẹja ni bàbá mi, àwọn náà ló sì ń tún àwọ̀n ara wọn ṣe. Nígbà tí wọ́n ń sún mọ́ 50 ọdún, wọn ò rí ojú àwọ̀n mọ́ dáadáa. Ọkùnrin kan tó ń kiri gíláàsì ló tà fún wọn. Wọ́n dán èyí wò, wọ́n dán ìyẹn wò, wọ́n mú èyí tí wọ́n fi rí ojú àwọ̀n. Nígbà tó pẹ́ díẹ̀, wọ́n ní agbára gíláàsì náà ti tán, wọ́n ra èyí tó le jù ú lọ. Nígbà tó tún yá, wọ́n ra ẹ̀kẹta. Lọ́jọ́ kan wọ́n ń bọ̀ láti etí ọ̀sà, wọ́n rìn lu ọkọ̀ ojú omi tí wọ́n fà gúnlẹ̀ sí apá òsì wọn. Ọkọ̀ ńlá o, kì í ṣe àjẹ̀. Wọ́n ní àwọn ò rí i. Ìgbà yẹn ni mo ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ilé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì. Mo fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú ọ̀tún wọn, mo ní, "Bàbá, ìka mélòó lẹ rí?" Wọ́n ní, "Ìka wo?"

Ojú òsì ti lọ. Kò dùn wọ́n rí, kò pọ́n, kò ṣepin. Gúlókómà ni. Nínú àìsàn yìí, iṣan tó ń gbé ohun tí a rí lọ sí ọpọlọ ló ń kú díẹ̀díẹ̀, omi inú ẹyinjú tó ń fún un mọ́lẹ̀ ló sì máa ń pa á jù. Ẹ̀gbẹ́ ojú ló kọ́kọ́ ń mú lọ, á fi àárín sílẹ̀, ẹni tó ní in á ṣì máa ka ìwé, á máa tún àwọ̀n ṣe, kò ní fura. Dókítà bá wa dá ojú ọ̀tún dúró. Oògùn ni bàbá mi ń kán sí i títí wọ́n fi kú. Èyí tó ti lọ kò padà mọ́. Gíláàsì mẹ́ta ni wọ́n fi owó ara wọn rà. Àyẹ̀wò ẹyọ kan, wọn ò ṣe.

Kì í ṣe bàbá mi nìkan. Wọ́n ṣe ìwádìí kan káàkiri Nàìjíríà láàárín ọdún 2005 sí 2007. Àwọn tó ti pé 40 ọdún sókè ni wọ́n yẹ ojú wọn wò, wọ́n lé ní 13,000. Nínú àwọn tí wọ́n bá gúlókómà lójú wọn, àwọn tó mọ̀ tẹ́lẹ̀ pé àwọn ní in kò tó 10 nínú 100. Àwa èèyàn dúdú ló sì máa ń tètè mú, ó sì máa ń rìn nínú ẹbí. Ẹni tí bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀, ẹ̀gbọ́n tàbí àbúrò rẹ̀ bá fọ́jú láìsí ìrora, kó má dúró kí ojú máa ṣú kó tó lọ.

Ṣùgbọ́n mi ò fẹ́ dẹ́rù bà yín. Ọ̀pọ̀ nínú ojú tó ń ṣú níbí, ojú àgbà lásán ni. Awò kékeré kan wà nínú ẹyinjú kálukú wa. Nígbà tí a wà lọ́mọdé, ó rọ̀, ó ń yí ara rẹ̀ padà bí a ṣe ń wo ohun tó jìnnà àti ohun tó sún mọ́ wa. Tí èèyàn bá ti ń sún mọ́ 40 ọdún, á bẹ̀rẹ̀ sí í le. Ẹ ó wá máa na fóònù jìnnà, ẹ ó máa fún ọmọ ní òwú kó bá yín fi bọ ojú abẹ́rẹ́, Kùránì tàbí Bíbélì tí ẹ ti ń kà látọjọ́ yìí á dà bí ẹni pé wọ́n sọ lẹ́tà rẹ̀ di kékeré. Kì í ṣe àìsàn, kì í ṣe ọwọ́ ayé, ẹnikẹ́ni ò sì fi ṣe yín. Ẹni 40 ọdún tó ń rí ọ̀nà jíjìn dáadáa máa ń nílò nǹkan bíi +1.00 láti fi wo ohun tó wà nítòsí. Tó bá fi máa pé 50, á ti tó bíi +2.00. Lẹ́yìn 60, á wà ní bíi +2.50. Bí ojú ṣe ń le sí i ni nọ́ńbà ń gòkè. Òun ló jẹ́ kó rọrùn fún bàbá mi láti gbà pé gíláàsì ló ń rẹ̀, nígbà tí ohun mìíràn ń jẹ ojú lábẹ́lẹ̀.

Ẹ má sì jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé akọ̀wé ló ni gíláàsì. Ní 2018, ìwé ìròyìn ìṣègùn kan, Lancet Global Health, gbé èsì ìwádìí kan jáde láti Assam ní ilẹ̀ Íńdíà. Àwọn tó ń já ewé tíì lóko ni wọ́n lò, àwọn 751, ẹni 40 ọdún sókè gbogbo wọn. Wọ́n fún àwọn kan ní gíláàsì olówó pọ́ọ́kú, wọ́n ní kí àwọn yòókù ṣì ní sùúrù. Ewé tí àwọn tó lo gíláàsì já fi nǹkan bíi 22 nínú 100 ju ti àwọn tí kò lò ó. Ewé ni wọ́n ń já o, wọn ò kàwé kankan. Ẹ wá ro ti aránṣọ tó ń fi abẹ́rẹ́ yí etí agbádá, àti ti ẹni tó ń ṣa eegun kúrò lára ẹja, tó ń ka owó nírọ̀lẹ́.

Ibo la wá ti lè ṣe àyẹ̀wò tí kò ní jẹ owó jù? Ilé ìwòsàn ìjọba ni kí ẹ kọ́kọ́ lọ. Ẹ lọ sí General wa níbí, ẹ béèrè níbi tí wọ́n ti ń gba káàdì pé ọjọ́ wo ni wọ́n ń rí àwọn olójú. Ẹ béèrè iye káàdì, ẹ béèrè iye àyẹ̀wò, kí ẹ tó kúrò nílé lọ́jọ́ tí ẹ bá fẹ́ lọ gan-an. Ẹ jí lọ ní kùtùkùtù. Ẹ mú gíláàsì àtijọ́ dání, kódà tó bá ti fọ́, ẹ kó gbogbo oògùn tí ẹ ń lò dání pẹ̀lú. Bí ọ̀rọ̀ bá ju ohun tí wọ́n lè ṣe níbẹ̀, ìwé ni wọ́n máa kọ fún yín lọ sí LASUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti ìpínlẹ̀ Èkó ní Ìkẹjà, tàbí Guinness Eye Centre, ibi ìtọ́jú ojú tó wà nínú LUTH, ilé ìwòsàn ńlá ti yunifásítì Èkó ní Ìdí-Àràbà. Owó ọkọ̀ láti Ẹ̀pẹ́ dé Ìdí-Àràbà kì í ṣe kékeré, nítorí náà ẹ rí i pé ìwé yẹn wà lọ́wọ́ yín kí ẹ má baà pààrà. Ẹ̀yin tó wà nínú Ìlera Èkó, ètò ìbánigbófò ìlera ti ìpínlẹ̀ wa, ẹ béèrè ohun tí ètò yín gbé nípa ojú kí ẹ tó tọwọ́ bàpò.

Optometrist aládàáni náà wà, ìyẹn ẹni tó kọ́ṣẹ́ yíyẹ ojú wò, èyí tó dára nínú wọn sì pọ̀. Ọdún 6 ni wọ́n fi ń kọ́ iṣẹ́ náà ní yunifásítì, ìgbìmọ̀ ìjọba kan sì wà tó ń forúkọ wọn àti ti àwọn onígíláàsì sílẹ̀. Ìwé àṣẹ máa ń wà lára ògiri. Ẹ wò ó. Tí ẹ ò bá rí i, ẹ fi ọ̀wọ̀ béèrè. Ẹni tó ní in kò ní bínú.

Àwọn àgbà inú yín rántí Jígí Bọ́lá, ètò ìtọ́jú ojú lọ́fẹ̀ẹ́ tí ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ṣe nígbà tí Bọ́lá Tinúbú jẹ́ gómìnà. Ní 2024, ìjọba àpapọ̀ tún gbé orúkọ náà dìde, wọ́n pè é ní Jigi Bola 2.0, wọ́n ní mílíọ̀nù 5 gíláàsì ni àwọn fẹ́ pín fún aráàlú. Mọ́ṣáláṣí, ṣọ́ọ̀ṣì àti àwọn olóṣèlú náà ń ṣe tiwọn, pàápàá ní oṣù kẹwàá, nítorí Ọjọ́bọ̀ kejì nínú oṣù náà ni wọ́n ń ṣe Ọjọ́ Ìríran Àgbáyé. Ẹ lọ. Ọ̀fẹ́ dára. Ohun tí mo máa bẹ̀ yín ni pé kí ẹ má kàn gba gíláàsì kí ẹ máa lọ. Ẹ ní kí wọ́n kọ nọ́ńbà yín sínú ìwé. Tí wọn ò bá wo ojú kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀, tó jẹ́ pé wọ́n kàn ní kí ẹ ṣà nínú àpótí, ẹ mọ̀ pé ẹ ti rí gíláàsì gbà, ṣùgbọ́n ẹ ò tíì ṣe àyẹ̀wò. Gíláàsì àlòkù tí wọ́n kó ti òkè òkun wá, nọ́ńbà ojú ẹni tó kọ́kọ́ ni ín ló ṣì wà nínú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí àyẹ̀wò gidi jẹ́, kí ẹ lè mọ̀ tí wọ́n bá fo apá kan. Wọ́n á kọ́kọ́ bi yín léèrè: ìgbà wo ló bẹ̀rẹ̀, ṣé ẹ ní ìtọ̀ ṣúgà tàbí ẹ̀jẹ̀ ríru, ṣé ẹnì kan fọ́jú nínú ẹbí. Wọ́n á gbé yín jókòó ní mítà 6 sí káàdì tí wọ́n kọ lẹ́tà sí. Ẹni tí kò mọ̀wé kò gbọdọ̀ tìtorí ìyẹn jókòó sílé. Káàdì E wà, ìka mẹ́ta ló ní, ẹ ó kàn fi ọwọ́ júwe ibi tí ìka náà kọjú sí. Tí wọ́n bá kọ 6/6, ojú yín rí ohun tó yẹ kí ojú tó dá ṣáṣá rí. Tí wọ́n bá kọ 6/18, ohun tí ojú tó dá lè rí láti mítà 18, ẹ̀yin ní láti sún mọ́ ọn dé mítà 6.

Lẹ́yìn náà, wọ́n á fún yín ní páálí dúdú tó ní ihò tíntìntín, wọ́n á ní kí ẹ yọjú wo káàdì láti inú ihò yẹn. Mo fẹ́ràn páálí yìí gan-an. Kò náni ní kọ́bọ̀, ọgbọ́n ńlá ló sì wà nínú rẹ̀. Tí ẹ bá fi ihò yẹn ríran ju bí ẹ ṣe ń rí tẹ́lẹ̀ lọ, ó sábà jẹ́ ọ̀rọ̀ gíláàsì. Tí kò bá yàtọ̀ rárá, kí ẹ má tíì ra gíláàsì, ó ṣeé ṣe kí ọ̀rọ̀ náà wà nínú ẹyinjú fúnra rẹ̀: ohun funfun tó ń bo awò inú ojú, tí wọ́n ń pè ní kàtárákítì, tàbí gúlókómà, tàbí ohun mìíràn. Ẹni tí kàtárákítì rẹ̀ ti nípọn lè ra gíláàsì márùn-ún, kò ní ríran. Iṣẹ́ abẹ ló nílò. Dókítà ojú ló sì gbọ́dọ̀ ṣe é, kì í ṣe ẹni tó ń kiri, tó ń fi abẹ́rẹ́ ti nǹkan funfun náà wọ inú ojú lọ.

Ẹ̀rọ kan wà tó máa ń fi àwòrán ilé tàbí bàlúùnù hàn yín, á sì tú bébà jáde. Nọ́ńbà inú bébà yẹn, ìbẹ̀rẹ̀ ọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá mú un lọ gé lẹ́ǹsì lójú ẹsẹ̀ kò tíì ṣe iṣẹ́ rẹ̀ tán. Ó yẹ kó gbé fíréèmù àyẹ̀wò wọ̀ yín lójú, kó máa pààrọ̀ awò síbẹ̀, kó máa bi yín pé, "Èyí ló mọ́ jù ni, àbí èyí?" Ẹ má bẹ̀rù rẹ̀. Kì í ṣe ìdánwò ilé ìwé. Tí ẹ ò bá rí ìyàtọ̀, ẹ ní, "Bákan náà ni." Mo ti rí àwọn ìyá tó ń sọ "èyí dára" sí gbogbo awò nítorí pé ojú ń tì wọ́n láti dá olùyẹ̀wò lóhùn, wọ́n sì san owó gíláàsì tí wọn ò lè lò.

Èyí tí wọ́n máa ń fò jù ni ìwọ̀n ìfúnpá ojú àti wíwo ẹ̀yìn ẹyinjú. Ìfúnpá tó wà láàárín 10 sí 21 ni ti ọ̀pọ̀ èèyàn, ṣùgbọ́n gúlókómà lè wà lójú ẹni tí tirẹ̀ kò ju 21 lọ, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn ẹyinjú pẹ̀lú. Wọ́n lè kán oògùn tó ń la ẹyinjú sílẹ̀. Ojú á ṣú fún wákàtí mélòó kan, nítorí náà ẹ má gun ọ̀kadà fúnra yín lọ síbẹ̀. Ẹni tó bá ti lé ní 40 ọdún, tí wọ́n ní kó wá gba gíláàsì láìwo ẹ̀yìn ojú rẹ̀, kó fi ọ̀wọ̀ sọ pé, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wo gúlókómà." Ọ̀rọ̀ méje péré.

Ọ̀rọ̀ kan rèé tó lè gbà yín lọ́wọ́ òfò. Tí ṣúgà bá pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀, nọ́ńbà ojú máa ń yí padà. Ẹ lè gba gíláàsì lónìí, kí oògùn ṣúgà wọlé, kí gíláàsì yẹn má ṣiṣẹ́ mọ́ láàárín ọ̀sẹ̀ díẹ̀. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà, kó kọ́kọ́ jẹ́ kí ṣúgà rẹ̀ wálẹ̀, kó dúró síbi kan, kó tó ra gíláàsì.

Lẹ́yìn àyẹ̀wò, ìwé nọ́ńbà ni kí ẹ gbà. Ẹ̀yin lẹ ni ín. Nígbà tí mo wà ní ọ̀dọ́, mo sanwó àyẹ̀wò ní ṣọ́ọ̀bù kan ní Èkó, wọ́n sọ fún mi pé tí mi ò bá ní ra fíréèmù lọ́wọ́ àwọn, àwọn ò ní fún mi ní nọ́ńbà. Mo rà á, nítorí mi ò mọ̀ pé mo lè sọ̀rọ̀. Owó oṣù mi ọ̀sẹ̀ méjì ló bá a lọ. Ó ṣì ń dùn mí. Ẹ béèrè kí ẹ tó sanwó àyẹ̀wò: "Ṣé ẹ máa fún mi ní ìwé nọ́ńbà mi?" Tí wọ́n bá ní rárá, ẹ kí wọn, kí ẹ máa lọ.

Ohun tó wà nínú ìwé náà kò le. OD ni ojú ọ̀tún, OS ni ojú òsì. Àmì ìyọkúrò, ìyẹn −, jẹ́ ti ẹni tí kò rí ọ̀nà jíjìn dáadáa. Àmì ìròpọ̀, ìyẹn +, jẹ́ ti ẹni tó ń tiraka láti rí ohun tó sún mọ́ ọn. CYL àti AXIS, ti ẹni tí ẹyinjú rẹ̀ kò rí roboto délẹ̀. ADD ni iye tí wọ́n fi kún un nítorí ojú àgbà. Ẹ ní kí wọ́n kọ PD sí i, ìyẹn bí ẹyinjú méjèèjì ṣe jìnnà síra wọn. Nǹkan bíi mìlímítà 63 ni ti ọ̀pọ̀ àgbàlagbà. Tí PD bá ṣì, orí á máa fọ́ yín, kódà kí nọ́ńbà tọ́.

Ìwé yẹn náà ló máa sọ bóyá gíláàsì ìkàwé olówó kékeré tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, èyí tí wọ́n ń tà lọ́jà, tó yín. Mi ò bá àwọn tó ń tà á jà. Tí ojú méjèèjì bá dọ́gba, tí CYL kò sí níbẹ̀, tí ẹ sì ń rí ọ̀nà jíjìn, +2.00 ọjà á ṣiṣẹ́ fún yín dáadáa, kò sì ní ba ojú jẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú yín kò nílò ju ìyẹn lọ, mo sì fẹ́ kí ẹ mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àyẹ̀wò ni ó gbọ́dọ̀ ṣáájú.

Tó bá jẹ́ pé ṣíṣe ni ẹ máa ṣe tiyín, ẹ tú owó rẹ̀ sí wẹ́wẹ́. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n dá iye kan fún yín lápapọ̀. "Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, èló ni fíréèmù nìkan? Èló ni lẹ́ǹsì nìkan? Kí lẹ fi kún un, èló nìyẹn?" Ibi fíréèmù ni owó ti ń jò. Fíréèmù rọ́bà tí kò lórúkọ gbé lẹ́ǹsì kan náà tí èyí tó lórúkọ gbé, kì í sì í dípẹtà lọ́wọ́ ẹni tó ń fọwọ́ kan omi ọ̀sà lójoojúmọ́. Tí ti àtijọ́ bá ṣì le, ẹ ní kí wọ́n fi lẹ́ǹsì tuntun sí i. Ẹni tí nọ́ńbà ìyọkúrò rẹ̀ ga, kó mú fíréèmù kékeré, etí lẹ́ǹsì rẹ̀ á tín-ín-rín sí i. Lẹ́ǹsì rọ́bà lásán tó fún nọ́ńbà tí kò ga. Lẹ́ǹsì tẹ́ẹ́rẹ́ olówó ńlá, ẹ ronú nípa rẹ̀ tí nọ́ńbà bá ti ń kọjá 4.

Wọ́n á fẹ́ ta èyí tó ń dènà ìmọ́lẹ̀ aró ti fóònù fún yín. Ní 2023, àjọ Cochrane kó ìwádìí 17 jọ lórí rẹ̀, wọn ò rí i pé ó ń dín rírẹ̀ ojú kù láàárín ìgbà tí wọ́n fi wò ó. Ẹ fi owó yẹn ra ẹja. Èyí tó ń dúdú nínú oòrùn wuyì, ṣùgbọ́n awakọ̀ kò ní gbádùn rẹ̀ nínú ọkọ̀, nítorí gíláàsì iwájú ọkọ̀ ti gba ìtànṣán tó ń mú un dúdú. Ohun tí mo lè ní kí awakọ̀ òru san ni èyí tó ń pa dídán iná lójú. Lẹ́ǹsì alápá méjì wà fún ẹni tó nílò ti jíjìn àti ti ìkàwé, àwọn mìíràn sì ń ra gíláàsì méjì. Fún aránṣọ, gíláàsì méjì ni mo fẹ́ràn.

Lọ́jọ́ tí ẹ bá lọ gbà á, ẹ ní kí wọ́n gbé e sórí ẹ̀rọ tó ń ka lẹ́ǹsì, kí ẹ fi wé ìwé yín. Ẹ gba rìsíìtì. Ilẹ̀ lè dà bíi pé ó dagẹ̀rẹ́ fún ọjọ́ mélòó kan. Tó bá kọjá ọ̀sẹ̀ méjì tí kò lọ, ẹ dá a padà fún wọn. Ẹ máa fi omi àti ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ẹ̀yin ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fi etí ìró nù ún, iyanrìn inú rẹ̀ ló ń họ lẹ́ǹsì.

Ìyá kan béèrè níbẹ̀ bóyá gíláàsì máa ń sọ ojú di ọ̀lẹ. Rárá o, fún àgbàlagbà. Ojú á máa le lọ, ẹ lo gíláàsì tàbí ẹ ò lò ó. Ti ọmọdé ni mo bẹ̀rù, òdìkejì rẹ̀ sì ni: ọmọ tó nílò gíláàsì tí wọn ò fún un, ọpọlọ rẹ̀ lè kọ ojú kan sílẹ̀, tó bá sì ti kọjá bí ọdún 8, ó ṣòro láti jí i. Ọmọ tó ń fún ojú pọ̀ wo pátákó, tó ń sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n, tí tíṣà ń pè ní olódo, ẹ yẹ ojú rẹ̀ wò kí ẹ tó nà án.

Bàbá kan ní ṣé epo pupa àti ẹ̀fọ́ kò lè ṣe iṣẹ́ gíláàsì. Wọ́n dára fún ojú, pàápàá fún ọmọ kékeré, nítorí ohun tó wà nínú epo pupa ni ara ń sọ di fítámì A. Ṣùgbọ́n wọn kò lè rọ awò ojú tó ti le. Ìtọ̀, omi ọmú àti omi ṣúgà, ẹ má kán wọn sí ojú ẹnikẹ́ni. Ẹ má sì dá oògùn ojú rà ní ilé oògùn láìsí ìwé dókítà. Àwọn kan ní sitẹ́rọ́ìdì nínú, tí èèyàn bá lò ó pẹ́, ó lè gbé ìfúnpá ojú sókè títí yóò fi di gúlókómà gan-an.

Ó tó báyìí. Mo ti lẹ káàdì E mọ́ ògiri yìí. Aránṣọ kan ló bá mi wọn ilẹ̀: tépù yín jẹ́ ínǹṣì 60, mítà 1 ààbọ̀, a nà án lẹ́ẹ̀mẹrin, ìyẹn mítà 6, a sì fa ìlà níbẹ̀. Kì í ṣe gbogbo àyẹ̀wò nìyí, ṣùgbọ́n ó máa sọ fún wa ẹni tí kò gbọdọ̀ jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ yìí parí kó tó dé General. Ìyá tó jókòó létí ilẹ̀kùn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bọ́ sórí ìlà. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ bo ojú òsì, ẹ má tẹ̀ ẹ́. Ibo ni ìka rẹ̀ kọjú sí?